Ta ní ń jẹ́ ikú? Àlàyé ọ̀rọ̀ kan láti ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì

Bí òtútù bá mú ní Dẹ́nmáàkì, tó di oṣù kìíní ọdún, tí omi òkun tutù débi tí eyín ń lu ara wọn lẹ́nu, àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n á bọ́ aṣọ sílẹ̀ létí omi láàárọ̀ kùtù, tí wọ́n á sì wọ inú rẹ̀ lọ. Vinterbadning ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ìwẹ̀ ìgbà òtútù. Ẹ wo ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́: ó dúró lórí àkàsọ̀, ó ki ọmọ ìka ẹsẹ̀ bọ omi, ó yára fà á yọ, ó wo àwọn tó ti wà nínú omi, ó dijú, ó bẹ́ sínú rẹ̀ gbàmù. Ẹnì kan létí omi lè sọ pé ó wọ omi "med dødsforagt", ìyẹn pẹ̀lú dødsforagt, ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ tú yìí. Ẹ̀rín ni gbogbo wọn á fi gbà á.

Kí ẹni yẹn délé, kó ṣí ìwé ìtàn ogun, yóò bá ọ̀rọ̀ kan náà níbi tí wọ́n ti ń ròyìn ọmọ ogun tó sáré lọ bá ìbọn lẹ́nu. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tó ń ṣe ẹ̀fẹ̀ níbì kan, tó ń bu ọlá fúnni níbòmíràn, kì í yé àlejò bọ̀rọ̀. Èyí tún ní wàhálà mìíràn fún ọmọ Yorùbá: bó bá tú u lẹ́yọ lẹ́yọ, "ẹ̀gàn ikú" ló máa bọ́ sí i lẹ́nu, ẹ̀gàn ikú létí tiwa sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ikú ẹ̀sín. Òdìkejì ohun tí wọ́n ń wí pátápátá nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀. Død ni ikú. Foragt ni ìfojútẹ́ńbẹ́lú. Lẹ́tà s tó wà láàárín wọn kò ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Okùn tí wọ́n fi di igi méjì pọ̀ ni. Bí ẹ bá fẹ́ pe død, ẹ múra bí ẹni fẹ́ pe e, kí ẹ wá su ẹnu bí ẹni fẹ́ súfèé. Ohùn tó bá jáde ni ø. D tó kẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe d tiwa: ahọ́n kì í kan òkè ẹnu rárá, ẹ̀yìn eyín ìsàlẹ̀ ló ń sinmi sí, ohùn á sì máa gba orí rẹ̀ jáde. Àwọn aládùúgbò wọn ní Swídìn àti Nọ́wè máa ń fi irú ohùn yìí ṣe wọ́n ní yẹ̀yẹ́ pé bí ẹni tí pòtétò há sí lọ́nà ọ̀fun ni wọ́n ń sọ̀rọ̀.

Ohun tó ń ṣi èèyàn lọ́nà jù ni ibi tí olórí ọ̀rọ̀ ń jókòó sí. Lọ́dọ̀ tiwa, iwájú ló wà, ohun tó ń ṣàlàyé rẹ̀ á tẹ̀lé e. Ìgò ọtí, ìgò ni. Ọtí ìgò, ọtí ni. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹ̀yìn ni olórí ń gbé. Øl ni bíà, flaske ni ìgò. Wọ́n wá ń pe ìgò bíà ní ølflaske, wọ́n sì ń pe bíà inú ìgò ní flaskeøl. Ẹni tó bá ń kà á láti iwájú bíi Yorùbá á lọ bèèrè ìgò òfìfo, wọ́n á gbé ọtí fún un, bóyá kò sì ní bínú. Ẹ ka dødsforagt láti ẹ̀yìn wá, ẹ máa rí i pé ìfojútẹ́ńbẹ́lú ni, ikú sì ni wọ́n ń fojú tẹ́ńbẹ́lú. Ikú kọ́ ló ń gan èèyàn níbẹ̀. Èèyàn ló ń gan ikú.

Inú foragt ni ìdí ọ̀rọ̀ wà, ibẹ̀ ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀. Agte ni kéèyàn ka nǹkan sí. Agtelse ni ọ̀wọ̀ tá à ń fún ẹni tá a kà sí. For- tó wà níwájú ló ń bà á jẹ́, bí àì- ṣe ń ṣe nínú àìkàsí. Àmọ́ foragt le ju àìkàsí lọ. Ó ní ìyínmú nínú, irú ojú tí wọ́n fi ń wo ọ̀dàlẹ̀. Látinú èdè tí wọ́n ń sọ ní àríwá Jámánì láyé àtijọ́ ni wọ́n ti mú un, bíi ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn nínú èdè wọn, àwọn ará agbègbè yẹn sì jọ ń lo ọ̀rọ̀ kan náà ni: Jámánì ní Todesverachtung, Swídìn ní dödsförakt, Nọ́wè ní dødsforakt. Èrò náà tiẹ̀ dàgbà ju gbogbo wọn lọ. Ní Róòmù, lọ́dún 45 ṣáájú ìbí Jésù, Cicero, onímọ̀ ọgbọ́n orí, kọ ìwé kan tó fi odindi apá àkọ́kọ́ rẹ̀ jiyàn pé kí ọlọ́gbọ́n má ka ikú sí.

Àìbẹ̀rù àti ìfojútẹ́ńbẹ́lú kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọmọ tó ń rá, tó rí ejò, tó fẹ́ fọwọ́ gbá a mú, kò bẹ̀rù, nítorí kò mọ ejò. Kò sí ará Dẹ́nmáàkì tó máa sọ pé ọmọ yẹn ní dødsforagt. Kéèyàn tó lè fojú tẹ́ńbẹ́lú nǹkan, ó ní láti mọ̀ ọ́n, kó ti gbé e lé ìwọ̀n, kó sì rí i pé kò wúwo tó bí wọ́n ṣe ń wí. Bẹ́ẹ̀ ni orúnkún ẹni tó ní i lè máa gbọ̀n. Ara lè máa bẹ̀rù nígbà tí ọkàn ti ní "ta ní ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" Ìbéèrè tiwa yìí, pẹ̀lú imú tí wọ́n fi ń yín síni, ló sún mọ́ foragt jù lójú mi.

Àwọn kan á ní ṣebí a ní ìfojúdi, kí ló dé tá ò kúkú pè é ní ìfojúdi ikú? Ó sún mọ́ ọn lóòótọ́, àmọ́ ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ni ìfojúdi lọ́dọ̀ wa; ẹni tó bá fojú di nǹkan, ńṣe là ń retí kí nǹkan náà kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ìyìn sì ni dødsforagt. "Ikú yá ju ẹ̀sín lọ" náà kò bá a mu tán. Òwe yẹn gbé ikú sí apá kan ìwọ̀n, ó gbé ẹ̀sín sí apá kejì. Ikú wúwo níbẹ̀. Ẹ̀sín ló kàn wúwo jù ú lọ. Ọ̀rọ̀ Dẹ́nmáàkì kò gbé nǹkan kan sí apá kejì. Ikú nìkan ló wà lórí ìwọ̀n, ìwọ̀n ò sì tẹ̀.

Ẹ má sì kó o pọ̀ mọ́ àwọn ará ilé rẹ̀. Livslede ni kí ayé sú èèyàn, dødslængsel ni kí ọkàn èèyàn máa fà sí ikú. Ẹni tí ayé sú kò fojú tẹ́ńbẹ́lú ikú, ó ń wá a ni, ìrànlọ́wọ́ ló sì nílò, kì í ṣe ìyìn. Dumdristig ni onígboyà òmùgọ̀, irú ẹni tó ń fi ọ̀kadà sáré láìdé akoto torí pé àwọn ọ̀rẹ́ ń wò ó. Àlà tó wà láàárín òun àti dødsforagt tín-ínrín, ẹni tó ń sọ ìtàn ló sì sábà máa ń pinnu ibi tó wà: tó bá yè, akọni, bí kò bá yè, a máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹni tó rán an níṣẹ́.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, død tẹ́ ẹ rí níwájú ọ̀rọ̀ kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ikú. Dødtræt ni ẹni tó rẹ̀ tẹnutẹnu. Bí ọ̀dọ́ kan bá ní fíìmù kan jẹ́ dødssyg, ẹ má sáré wá ẹni tó ń ṣàìsàn. Ó ń sọ pé fíìmù náà sú òun ni. Àwa náà ṣáà máa ń ní ẹ̀rín pa wá kú.

Ní báyìí, ibo ni àwọn ará Dẹ́nmáàkì ti gba orúkọ ẹni tí kì í ka ikú sí? Apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, inú ìwé ló ti wá. Lọ́dún 1689, Thomas Bartholin kékeré tẹ ìwé ńlá kan jáde ní Copenhagen lédè Látìn. Àkọlé rẹ̀ gùn, àmọ́ kókó rẹ̀ ni: ohun tó fà á tí àwọn ará Dẹ́nmáàkì, nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ abọ̀rìṣà, fi ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ikú. Contemptae tó wà nínú àkọlé Látìn yẹn, ìyẹn "tí wọ́n fojú tẹ́ńbẹ́lú", bá foragt mu gan-an. Ìdílé oníṣègùn ni wọ́n ti bí i. Bàbá rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ Thomas, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣàlàyé àwọn iṣan tó ń gbé omi ara káàkiri. Ọmọ kò tẹ̀lé iṣan, ìtàn àtijọ́ ló tẹ̀lé, ó sì gba ọmọ Iceland kan, Árni Magnússon, pé kó máa bá òun ṣe àdàkọ àwọn ìwé àfọwọ́kọ Iceland, kó sì máa túmọ̀ wọn. Ẹni ọdún 31 ni Bartholin nígbà tó kú, lọ́dún 1690, ọdún kan péré lẹ́yìn tí ìwé náà jáde. Árni ló wá di ẹni tó kó ìwé àfọwọ́kọ Iceland jọ jù lọ láyé, iná Copenhagen ọdún 1728 sì jó díẹ̀ nínú wọn.

Ìwé Bartholin ni ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé Yúróòpù fi mọ àwọn Viking, àwọn atukọ̀ ajagun àríwá Yúróòpù láyé àtijọ́. Akéwì Gẹ̀ẹ́sì náà, Thomas Gray, inú rẹ̀ ló ti rí àwọn ewì tó sọ di Gẹ̀ẹ́sì, tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1768. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ya Viking bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lọ sí sàréè nìyẹn. Odin, olórí òrìṣà wọn, ń dúró dè wọ́n nínú Valhalla, gbọ̀ngàn tí àwọn tó kú sójú ogun ń lọ, ẹran wà níbẹ̀, ọtí wà níbẹ̀. Kí wá ni ikú jẹ́?

Ìtàn tó fi ìyínmú yìí hàn jù lójú tèmi ni ti àwọn Jomsviking, ẹgbẹ́ ajagun tí wọ́n ní odi wọn wà létí Òkun Baltic. Iceland ni wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀, nǹkan bí igba ọdún lẹ́yìn ogun náà, nítorí náà ẹ fi ọgbọ́n gbọ́ ọ. Wọ́n ṣẹ́gun wọn ní Nọ́wè, wọ́n sì fi okùn kan so àádọ́rin nínú wọn mọ́ra, wọ́n tò wọ́n jókòó. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Thorkell mú àáké, ó ń bẹ́ wọn lórí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń bi olúkúlùkù pé kí ló rò nípa ikú tó ń bọ̀. Ọ̀kan dáhùn pé ohun tó ṣe bàbá òun ló fẹ́ ṣe òun: ó kú. Òmíràn ní, "Àwa Jomsviking ti máa ń jiyàn bóyá ẹni tí wọ́n bá gé lórí ṣì máa ń mọ nǹkan kan. Ọ̀bẹ mi rèé lọ́wọ́ mi. Bí mo bá ṣì mọ nǹkan kan, màá nà án sí ọ. Bí n kò bá mọ̀, á jábọ́." Wọ́n bẹ́ ẹ. Ọ̀bẹ jábọ́.

Ẹ wò ó dáadáa. Ọkùnrin yìí kò pariwo, kò sì fọ́nnu. Ó fi ikú ara rẹ̀ parí àríyànjiyàn ìdí ọtí. Ohun ńlá tí gbogbo ayé ń sá fún, ó sọ ọ́ di irinṣẹ́ ìdánwò. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fojú tẹ́ńbẹ́lú nǹkan.

Nígbà tó kan ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó nírun gígùn aláwọ̀ wúrà, ó ní òun ò bẹ̀rù ikú, àmọ́ òun ò fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kan irun òun, kí ẹni tó níyì bá òun dì í mú sẹ́yìn. Ẹnì kan wá, ó wé irun náà mọ́ ọwọ́. Bí àáké ṣe ń bọ̀, ọmọkùnrin náà ja orí gbà, àáké sì gé ọwọ́ méjèèjì ẹni tó di irun mú. Ó fò dìde, ó ní, "Ọwọ́ ta ló wà nínú irun mi yìí?" Ọmọ olóyè tó ṣẹ́gun wọn rẹ́rìn-ín, ó sì dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Irun ló ka sí ju ikú lọ, irun náà ló sì gbà á là.

Kí ẹ má bàa rò pé bí gbogbo wọn ṣe rí nìyẹn: àgbẹ̀, apẹja àti oníṣòwò ló pọ̀ jù nínú àwọn èèyàn ayé Viking, Kristẹni ló sì kọ ọ̀pọ̀ ìtàn wọnyí. Àwọn tó ń kà á lẹ́yìn náà tún fi tiwọn kún un. Ewì kan wà láti ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá tí wọ́n fi sí Ragnar Lodbrok, akọni inú ìtàn Viking, lẹ́nu, bí ẹni pé inú kòtò ejò ló ti ń kọ ọ́, tó sì parí rẹ̀ pé ẹ̀rín ni òun máa fi kú. Nínú rẹ̀, ó ní àwọn máa tó mu ọtí nínú "igi wíwọ́ tó hù lórí". Ìwo ẹran ni. Bí akéwì wọn ṣe ń pe nǹkan nìyẹn, ó ń fi orúkọ pamọ́ bíi ti àlọ́. Àmọ́ nígbà tí Ole Worm, ọ̀mọ̀wé ará Dẹ́nmáàkì, tẹ ewì náà jáde lọ́dún 1636, ìtumọ̀ Látìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní agbárí àwọn tí wọ́n pa ni wọ́n máa fi mu ọtí. Ìwo màlúù ti di agbárí èèyàn. Títí dòní ni àwọn kan ṣì ń ròyìn agbárí yẹn.

Tó bá jẹ́ ẹni tí a mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ lẹ ń fẹ́, Anders Lassen ni màá mú wá, nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan Èkó. Wọ́n bí i ní Dẹ́nmáàkì lọ́dún 1920, ó di atukọ̀ òkun lọ́mọdé, ó sì wọ ẹgbẹ́ kómándò Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ní oṣù kìíní ọdún 1942, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣí láti Èkó pẹ̀lú ọkọ̀ méjì tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀, wọ́n forí lé erékùṣù Fernando Po, tó wà lábẹ́ Sípéènì nígbà náà. Sípéènì kò sí nínú ogun, àmọ́ ọkọ̀ ńlá Ítálì kan, Duchessa d'Aosta, ti fara pamọ́ sí èbúté rẹ̀. Ẹnì kan ti ṣètò àsè lórí ilẹ̀ fún àwọn ọ̀gá ọkọ̀ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Bí wọ́n ṣe ń jẹ, tí wọ́n ń mu, Lassen àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gun ọkọ̀, wọ́n fi àdó olóró já ṣéènì ìdákọ̀ró, wọ́n sì fà á lọ nínú òkùnkùn, pa pọ̀ mọ́ ọkọ̀ Jámánì kan. Èkó ni wọ́n fà wọ́n wá. Kò sí ẹni tó kú nínú wọn.

Ikú rẹ̀ dúró dè é ní Ítálì. Ní April 9, 1945, ọdún márùn-ún géérégé lẹ́yìn ọjọ́ tí Jámánì gba Dẹ́nmáàkì, ó ń darí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lójú ọ̀nà tóóró kan létí adágún Comacchio. Ó kọlu ibùba ìbọn arọ̀jò-ọta méjì tẹ̀ lé ara wọn, ó ṣẹ́gun wọn. Ní ìkẹta, wọ́n kígbe pé àwọn juwọ́ sílẹ̀. Ó lọ bá wọn, wọ́n sì yìnbọn fún un. Nígbà tí àwọn èèyàn rẹ̀ fẹ́ gbé e, kò gbà, ó ní gbígbé òun máa dá wọn dúró, á sì fi ẹ̀mí wọn wewu. Wọ́n fún un ní Victoria Cross, àmì ẹ̀yẹ ìgboyà tó ga jù lọ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn ikú. Ẹ kíyè sí ohun tó gàn níbẹ̀: ikú tirẹ̀ nìkan. Ikú àwọn tó kù, ó kà á sí gidigidi.

Báwo ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe wá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wọ omi tútù? Àsọdùn ni. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ tó bá kòtò ejò mu, wọ́n gbé e lé nǹkan kékeré lórí, gbígbòòrò tó gbòòrò jù ú ló ń pani lẹ́rìn-ín, bí ọmọdé tó wọ agbádá bàbá rẹ̀. Àwọn ará Jámánì náà ń ṣe é: ẹni tó dijú gbé oògùn kíkorò mì, wọ́n á ní mit Todesverachtung ló fi gbé e mì. Ọ̀nà tẹ́ ẹ máa fi mọ èyí tí wọ́n ń lò kò le. Ẹ wo ohun tó wà níwájú ẹni tí wọ́n ń sọ. Bó bá lè pa á, ọ̀wọ̀ ni. Bí kò bá lè ju kó mú un fajú ro lọ, ẹ̀fẹ̀ ni.

Bí ẹ bá sì dé Dẹ́nmáàkì, tí ẹnì kan fún yín ní saltlakrids, súìtì dúdú bí èédú, tó jẹ́ pé iyọ̀ ni wọ́n fi dùn ún, tẹ́ ẹ sì rí i pé gbogbo ilé ti dákẹ́, tí wọ́n ń wo ẹnu yín, ẹ jù ú sẹ́nu. Ẹ ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ.